Kò Sí Ohun Tó Ṣe Ẹ̀fọ̀n

Bí ẹ bá fẹ́ kí inú Dúrótoyè dùn, ẹ pè é ní Ẹnjiníà. Òun ló ń mójú tó íńtánẹ́ẹ̀tì tó so àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké pọ̀, láti Ìjerò dé Òkè-Ìmẹ̀sí, láti Arámọkọ tó ń gbé títí dé Ẹ̀fọ̀n. Tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ní ibùdó kọ̀ọ̀kan ló máa ń yẹ ráútà, àpótí tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì, wò láàárọ̀, tí yóò sì pè é láti sọ iná tó ń tàn àti èyí tó ti kú. Ayọ̀bọ́lá, tó ń tọ́jú oògùn ní Ẹ̀fọ̀n, ló máa ń pè kẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà máa dúró kó sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀rọ̀ iná kì í pẹ́ tán. Ìyókù á di ti òtútù orí òkè, ti ikọ́ tó ń yọ Ayọ̀bọ́lá lẹ́nu, ti ohun tí Ẹnjiníà jẹ kó tó jáde.

Nígbà tó yá, Dúrótoyè kọ ètò kan sórí kọ̀ǹpútà, tí yóò máa bi gbogbo ráútà léèrè fúnra rẹ̀: ojú wáyà wo ló ń ṣiṣẹ́, èwo ló ti dákẹ́? Ibi tó bá dára á ní àwọ̀ ewé. Ibi tó bá bàjẹ́ á pọ́n, fóònù á sì ké. Ó fi han alága, ó fi han pásítọ̀, ó fi han ẹni tó ń lẹ táyà fún un. Ó wá kọ̀wé sí gbogbo ibùdó pé kí wọ́n má pe òun mọ́, kí wọ́n máa wò ó lórí fóònù, pé ẹ̀rọ náà kì í purọ́. Ayọ̀bọ́lá fèsì pé, "Ó dáa, sà."

Láti ìgbà náà, àárọ̀ Dúrótoyè pa rọ́rọ́. Ẹ̀fọ̀n ní àwọ̀ ewé, àmọ́ àwọ̀ ewé kò sọ bóyá ikọ́ ti lọ. Yóò gbé fóònù, yóò tún gbé e kalẹ̀. Kí ni Ẹnjiníà fẹ́ sọ pé òun ń pè fún? Ẹ̀rù ń bà á pé obìnrin náà á ti máa rò pé ńṣe ni Ẹnjiníà lé òun dànù.

Níkẹyìn, ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró, ó mú wáyà tuntun, ó gba Ẹ̀fọ̀n lọ.

"Ẹnjiníà! Ẹ wọlé. Kí ló bàjẹ́?"

"Wáyà yín ni. Ó ń ṣe ségesège."

Ayọ̀bọ́lá ṣí fóònù rẹ̀ síwájú Dúrótoyè. "Ẹ wò ó. Ẹ̀rọ yín ní kò sí ohun tó ṣe wá. Ẹ̀yin náà lẹ sì ní kì í purọ́."

Dúrótoyè gbé wáyà tuntun náà kalẹ̀.

"Kò sí ohun tó bàjẹ́ lóòótọ́," ó ní. "Ohùn yín ni mi ò gbọ́ mọ́. Àárọ̀ mi ò dùn."

Obìnrin náà na ọwọ́ sẹ́yìn ráútà, ó sì fa wáyà kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ yọ. Fóònù méjèèjì ké pọ̀: Ẹ̀fọ̀n ti pọ́n.

"Ó ti bàjẹ́ báyìí, ẹ ò purọ́ mọ́," ó ní, ó ti àga sún mọ́ ọn. "Ẹ jókòó kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ẹ má kánjú o."