Agogo Ọmọ Tí Kò Lórúkọ

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé "omi ló dànù, agbè ò fọ́" kò lè jẹ́ abiyamọ. Bó bá sì jẹ́ abiyamọ, a jẹ́ pé ọmọ kò kú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Òun ni wọ́n fi rẹ ìyá mi lẹ́kún nígbà tí àkọ́bí wọn kú. Wọ́n ní kí ìyá mi nu omijé nù, pé wọn ó tún pọn òmíràn. Èmi ni omi tí wọ́n tún pọn, láti ìgbà tí mo sì ti gbọ́njú ni òwe yẹn ti ń bí mi nínú.

Ọkùnrin ni ọmọ náà. Ó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dákẹ́. Ìyá mi gbọ́ igbe náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè gbé orí sókè, agbẹ̀bí ti fi aṣọ wé e, ó ti gbé e fún bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi gbé e lọ, wọ́n padà dé lọ́wọ́ òfo, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ọmọ náà kò lórúkọ, kò ṣèrìbọmi, kò sẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀. Ìgbà tí èmi dé ni àwọn ará àdúgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá mi ní ìyá ọmọ. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti jẹ́ ìyá kí n tó dé, àmọ́ ta ni yóò fi ọmọ tí kò lórúkọ pe èèyàn?

Lọ́yà ni wọ́n ń pè mí. Irun ni mo ń ṣe jẹun, n kò mọ ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́; ẹnu mi tí kì í dákẹ́ ló fa ìnagijẹ náà. Bàbá mi ní tiwọn, aránbàtà ni wọ́n, àwọn náà sì ni alágogo ìjọ wa. Wọ́n lè fi odidi ọjọ́ kan rán bàtà láì sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ. Bí Ọlọ́run ṣe pín ọ̀rọ̀ nílé wa nìyẹn, gbogbo rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ mi.

Lọ́dọọdún ni ìjọ wa máa ń ya Ọjọ́ Ìsinmi kan sọ́tọ̀ fún ìrántí àwọn olóògbé. Pásítọ̀ á pe orúkọ kan, bàbá mi á fa okùn agogo lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìjọ á dákẹ́ títí ohùn agogo náà á fi rọlẹ̀, kí wọ́n tó pe òmíràn. Bàbá mi kì í ṣì í. Wọ́n á dúró sábẹ́ ilé agogo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tẹ́tí sí ẹnu ọ̀nà: orúkọ kan, agogo kan. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé wọ́n fi ń yangàn láyé nìyẹn. Ìyá mi á jókòó sórí àga, wọ́n á máa gbọ́ agogo ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́dún yìí, dókítà sọ pé ọkàn ìyá mi ti rẹ̀, kí wọ́n máa rọra. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀rọ̀ agogo bẹ̀rẹ̀. Ìdí oúnjẹ ni a wà tí ìyá mi fi sọ ọ́ fún bàbá mi, láì gbé ojú sókè.

"Ẹ bá mi lu ẹyọ kan fún un kí n tó lọ. Ẹyọ kan náà ni. Mi ò tọrọ nǹkan míì."

Bàbá mi mu omi tó wà nínú ife wọn tán, wọ́n dìde, wọ́n ní oníbàárà kan ń dúró de àwọn ní ṣọ́ọ̀bù. Irọ́ ni, kò sí oníbàárà kankan. Ìyá mi kó abọ́ kúrò nílẹ̀, wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ ẹkún wọn láti ibi tí mo jókòó sí. Ó dùn mí wọnú eegun. Arúgbó ló ń sunkún bí ẹni tó bímọ lánàá.

Mo kọ́kọ́ lọ bá akọ̀wé ìjọ, ẹgbẹ́ mi láti ilé ìwé, tí òfin ìjọ dùn mọ́ lẹ́nu ju orin lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ká òun lára, ṣùgbọ́n ẹni tó lórúkọ nínú ìjọ nìkan ni agogo wà fún. Mo bi í bóyá Ọlọ́run náà máa ń béèrè orúkọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n lọ fara balẹ̀. Mo fara balẹ̀ títí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù bàbá mi.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò gbà ju èèyàn mẹ́ta lọ. Òórùn gọ́ọ̀mù àti ti awọ ló máa kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀. Àwọn bàtà tí iṣẹ́ ti parí lára wọn wà lórí pákó lára ògiri, wọ́n fi okùn so wọ́n ní méjì méjì. Bàbá mi kì í fi páálí di bàtà fún oníbàárà, àpò ọ̀rá ni wọ́n máa ń lò, bí kò bá sí ọ̀rá, bébà. Àwọn oníbàárà a máa ráhùn, èmi náà a sì máa fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ahun ni wọ́n.

Mo rojọ́ fún wọn lọ́jọ́ náà. Mo ní ìyá mi ò béèrè ilé, wọn ò béèrè aṣọ. Mo ní bó bá jẹ́ òfin ìjọ ni wọ́n ń bẹ̀rù, kí wọ́n jẹ́ kí èmi fa okùn náà, kí ìjọ wá lé mi. Wọ́n ń kan gìgísẹ̀ bàtà lọ bí ẹni tí kò gbọ́ mi. Ìyẹn ló mú mi sọ pé bóyá wọ́n tiẹ̀ ti gbàgbé ọmọ náà.

Bàbá mi gbé òòlù sílẹ̀.

"Páálí bàtà ni mo tẹ́ ẹ sí, Lọ́yà. Mi ò ní nǹkan míì lọ́wọ́. Mo da bàtà oníbàárà sílẹ̀, mo tẹ́ aṣọ sínú páálí, mo gbé e sí i. Ó gbà á. Páálí bàtà gba ọmọ mi, àyè tún ṣẹ́ kù."

Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí àwọn bá fa okùn yẹn fún òkú ẹlòmíràn, ńṣe ni àwọn máa ń di ọwọ́ ara àwọn mú kó má baà fa ẹyọ kan lé e. Wọ́n ní bí àwọn bá lu tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn ò mọ̀ bóyá àwọn á lè dìde kúrò níbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ. Mo ti ń pè é ní àìbìkítà, kò sì sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Mo délé, n kò sọ fún ìyá mi, nítorí kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ ìrántí pé. Mo jókòó ti ìyá mi. Pásítọ̀ ń pe orúkọ, agogo ń dún, àwọn ènìyàn ń nu ojú. Wọ́n pe ẹni ìkẹyìn, agogo dún, ó rọlẹ̀. Pásítọ̀ ní kí a tẹrí ba fún àdúrà. Ìyá mi mí kanlẹ̀, wọ́n tẹrí ba pẹ̀lú àwọn yòókù.

Agogo dún.

Pásítọ̀ gbójú sókè. Ẹnì kan lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́, ó ní Bàbá Lọ́yà náà ti wá ń dàgbà, wọ́n ti ṣì í kà. Akọ̀wé ìjọ yára lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé agogo, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ gbogbo wa pé kò sí wàhálà, pé kò sí àgbà tí kì í ṣàṣìṣe. Ó rò pé òun ń ṣàánú wọn ni. Kí bàbá mi ṣáà ti mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni báyìí, a ó gbàdúrà, a ó lọ sílé, agogo ọmọ náà á sì di àṣìṣe arúgbó.

Bàbá mi yọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ṣì di okùn mú.

"Mi ò ṣì í kà," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi ni. Àkọ́bí mi ni. A ò tíì sọ ọ́ lórúkọ tó fi lọ."

Akọ̀wé wo Pásítọ̀, Pásítọ̀ wo ilẹ̀. Ìyá mi ti di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń fún un títí ó fi ń dùn mí, n kò sì jẹ́ yọ ọ́.

Màmá àgbàlagbà tó máa ń fọ aṣọ pẹpẹ ló kọ́kọ́ dìde. Mo mọ gbogbo ọmọ wọn, èmi ni mo ń ṣe irun fún àwọn obìnrin inú wọn, n kò sì gbọ́ rí pé ọmọ kankan kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

"Bàbá Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́," ni màmá náà wí, "ẹ bá mi lu méjì."

Bàbá mi wọlé lọ, wọ́n lu méjì. Ìyàwó olùkọ́ kan dìde, òun náà sọ tirẹ̀. Ọkùnrin mẹkáníìkì kan tí n kò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ nínú ìjọ rí na ìka kan sókè, ó ń sunkún, kò lè sọ̀rọ̀. Pásítọ̀ pa ìwé rẹ̀ dé, kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Nígbà tó yá, mo lọ sábẹ́ ilé agogo, nítorí mo mọ̀ pé apá bàbá mi á ti kú. Omijé ti bò wọ́n lójú, wọn ò rí mi, wọ́n kàn gbọ́ ìró ẹsẹ̀, wọ́n sún ọwọ́ kí n rí ibi dì mú. Àwa méjèèjì la jọ fa ìyókù.

A délé, ìyá mi kò bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n jókòó ní pálọ̀, wọ́n ní kí bàbá mi wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn. Mo fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀, ìyá mi ní kí n dúró, pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Ẹ sọ bí ojú ẹ̀ ṣe rí fún mi," ni wọ́n wí. "Igbe ẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ọmọ á pọ̀ níbi tí mò ń lọ yẹn, mi ò fẹ́ kọjá lára ẹ̀ láì mọ̀."

Bàbá mi kọjú sí ìyá mi.

"Irun ẹ̀ pọ̀, ó kún dé ọrùn. Etí ọ̀tún ẹ̀ ṣẹ́ sínú díẹ̀, bíi tìẹ. Ó di ẹ̀ṣẹ́. Mo ní kí n ṣí ọwọ́ ẹ̀ kan wò, kò gbà fún mi." Wọ́n nu imú. "Ìwọ ló jọ. Ìdí tí mi ò fi lè sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i nílé yìí."

Ìyá mi kò sunkún. Wọ́n ní kí bàbá mi tún un sọ, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi irun.