Àwo Gìtá Tó Ń Lọ Jẹ́jẹ́

Aago ni mò ń tún ṣe. Èyí tó bá fi ìṣẹ́jú kan péré pẹ́ kì í kúrò lórí tábìlì mi. Ìyàwó mi ní bí oòrùn bá pẹ́ yọ, èmi ni n óò lọ bá a wí.

Ẹnì kan tó ń kó kúrò ládùúgbò ló ta giramafóònù fún mi, ó sì fi páálí àwo orin kéékèèké kan ṣe ènì. Láti Jámánì ni gbogbo wọn ti wá, láyé àtijọ́, n ò sì gbọ́ orúkọ àwọn olórin náà rí. Lára àpò ọ̀kan, ọkùnrin kan gbé gìtá dání, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó tí àna ń wò. Kò sẹ́ni tó ń kọrin nínú rẹ̀. Gìtá nìkan ló ń dún, jẹ́jẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, oṣù mẹ́jọ, ni oorun ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Oògùn dókítà pàápàá ò ràn án. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé àwo yẹn sí i, wọ́n sùn lórí àga ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń hanrun. Látìgbà náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá sùn.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ obìnrin kan tó ti gbé Jámánì rí mú aago ọwọ́ rẹ̀ wá. Ó gbọ́ orin náà, ó ka ẹ̀yìn àpò, ó sì sọ fún mi pé orin ijó ni: ó yẹ kí àwo náà yí nígbà márùndínláàádọ́ta ní ìṣẹ́jú kan, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi í sí. Èmi alátùn-únṣe aago! Ojú tì mí. Ó ní kò burú, a kì í mọ̀-ọ́n-rìn kí orí má mì.

Mo yí bọ́tìnnì síbi tó yẹ. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́ún-pọ́ún, inú mi sì dùn. Bàbá mi ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ kí n lè rí i pé ó dùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò fojú ba oorun. Mo bi wọ́n bóyá ara wọn ò yá ni.

“Ara mi yá,” ni wọ́n dáhùn. “Ìyá rẹ kì í yára rìn, o mọ̀. Nígbà tí orin yẹn ń lọ jẹ́jẹ́, ó ń ṣe mí bí ẹni pé òun ló ń ti ilé ìdáná bọ̀. Báyìí, kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti kọjá lọ.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo yí bọ́tìnnì padà.

Nígbà tí olùkọ́ wá gba aago rẹ̀, ó tẹ́tí sí orin, ó wò mí, ó sì lanu láti sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, bàbá mi ń sùn.