Àbámọ̀ Tó Ní Ègbè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwa onírú fi ń ru omi gun òkè nígbà tí odò wà nísàlẹ̀ tó ń wò wá, kó fìdí kalẹ̀, kó gbọ́. Orúnkún mi wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ mi náà wà níbẹ̀, nítorí díẹ̀ ló kù kí n pàdánù rẹ̀.

Ràmọ́tà ni orúkọ mi, Ìyá Kareem ni wọ́n ń pè mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, Ọ̀yọ́ ni mo ti rí ọkọ. Ìwé tí mo kà kò ju kí n kọ orúkọ mi lọ, àmọ́ orin, ẹ má wulẹ̀ bèèrè! Bí mo bá ń fọ irú, orin ni. Bí mo bá ń fẹ́ná, orin ni. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ ẹ, a máa ní ẹnu mi nìkan ni kò mọ̀ pé mo ti dàgbà.

Iṣẹ́ irú, omi àti iná ni. A ó se hóró irúgbá láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, a ó gún un kí èèpo rẹ̀ bọ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún un fọ̀, a ó sì tún un fọ̀. Ìdí nìyẹn tí àtíbàbà wa fi wà létí odò láti ayé ìyá ọkọ mi. Ibẹ̀ náà là ń sùn ti iná, tọmọtọmọ.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọdún 1990 wọlé, ìjọba ní àwọn fẹ́ ran ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn á fún wa ní páànù àti sìmẹ́ńtì, kí a fi kọ́ ilé iṣẹ́ gidi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o. Ibi tí a bá kọ́ ọ sí, a kọ́ ọ síbẹ̀ nìyẹn. Ìjà bá dé. Àwọn kan ní etí odò tí a ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní òkè, lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, nítorí omíyalé.

"Omíyalé wo?" Àlhájà Asiyah, olórí ẹgbẹ́ wa, bú sẹ́rìn-ín. "Ìgbà tí odò yìí kún gbẹ̀yìn, Mashood mi ò tíì hu eyín. Ó ti níyàwó báyìí!"

Etí odò ni èmi náà dúró sí. Kí n má purọ́, orúnkún mi ni mo ń rò. Irú èmi yìí, kí n máa pọnmi gun òkè? Bí ilé bá lọ sókè, mo ti se irú mọ láyé nìyẹn, màá kàn jókòó sílé máa lé ewúrẹ́ kúrò nídìí àgbàdo.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gbé irú lọ sí Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo yà kí Simon, ọmọ àdúgbò wa àtijọ́, lọ́nà Takie. Onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé ni, àmọ́ irú èmi Mùsùlùmí nìkan ló ń dùn lọ́bẹ̀ rẹ̀. Mo bá ọmọ rẹ̀ obìnrin, Oyèrónkẹ́, nílé. Ọmọ náà ti kàwé ní yunifásítì Ìbàdàn. Ohun tó kọ́ ni bí ìlú ṣe lè yan èyí tí wọ́n máa ṣe nígbà tí ojú ọjọ́ ò bá ṣeé gbọ́kàn lé: ọ̀dá ni o, ìjì ni o, àgbàrá ni o. Mo ní, "Ọmọ mi, tiwa nìyí." Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ tàn bí ẹni rí ọkọ àfẹ́sọ́nà, ó sì bá mi wá sí Ọ̀yọ́.

A kó jọ sábẹ́ àtíbàbà. Àlhájà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ sọ fún wa bóyá odò á kún?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi. Rárá, mà. N ò mọ̀. Àwọn tó kọ́ mi gan-an ò mọ̀."

"Háà! Kí la wá tìtorí ẹ̀ pa iṣẹ́ tì?"

A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, ṣé bí òjò ṣe ń rọ̀ nígbà tí ẹ wà lọ́mọge náà ló ń rọ̀ báyìí?"

Gbogbo ẹnu ló la lẹ́ẹ̀kan. "Láéláé! Á kọ́kọ́ jẹ́ ká máa wojú ọ̀run. Tó bá wá dé, á dà á lẹ́ẹ̀kan náà bí ìyàwó tó ń bínú ṣe ń da omi abọ́ nù."

"Ẹ ò rí i? Odò tí ẹ mọ̀ lánàá lè máà jẹ́ odò ọ̀la. Bóyá á kún, bóyá kò ní í kún, ti Ọlọ́run nìyẹn. Ibi tí a ó kọ́lé sí ni tiwa." Ó mú igi, ó fa ìlà méjì sílẹ̀, wọ́n dábùú ara wọn, ilẹ̀ pín sí ojú mẹ́rin.

"Ṣé iṣu lo fẹ́ gbìn síbẹ̀ ni?" Àlhájà tún dé.

"Ọ̀rọ̀ ni, mà. Ilé wà létí odò, odò kún. Ilé wà létí odò, odò ò kún. Ilé wà lókè, odò kún. Ilé wà lókè, odò ò kún. Ẹ dúró sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó ti ṣẹlẹ̀ tán, kí ẹ wá sọ fún mi bó ṣe dùn yín tó pé èkejì kọ́ lẹ yàn. Ó lórúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ìwé, àmọ́ n ò mọ bí mo ṣe máa..."

"Àbámọ̀!" Bí a ṣe ké e lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó rò pé a ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀.

Ó pàtẹ́wọ́. "Òun náà ni!"

Raliat, tí kì í sábà sọ̀rọ̀ láàárín wa, mi orí. "Gbogbo àgbààgbà ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe."

"Oògùn kọ́ là ń wá, mà. Ká kàn gbé e wò, ká mọ èyí tó fúyẹ́. Kí kálukú dárúkọ iye kan, láti oókan dé ẹ̀wá..."

"Ọmọ mi," mo dá a dúró, "àbámọ̀ kì í ṣe ẹyin adìyẹ tí a lè kà. Jẹ́ ká kọ ọ́ lórin."

Mo rò pé á bínú. Ó ju igi ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ẹ kọ ọ́, mà. Èyí tó bá wúwo, etí wa á gbọ́."

Ojú méjì kò ní àbámọ̀ nínú: ilé òkè tí odò kún, àti ilé etí odò tí odò ò kún. A jó kọjá wọn. Ó wá ku méjì. Mo bọ́ sínú ti ilé òkè tí odò ò kún, mo gbé òṣùká lé orí, mo lé e:

*Àbámọ̀ o, mo gòkè,*
*Odò ò kún, mo gòkè,*
*Ọrùn ń ro mí, itan ń ro mí,*
*Omi ń fi mí rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀!*

Wọ́n gbè é: *"Ọrùn á sàn tó bá dọ̀la!"* Ijó bẹ̀rẹ̀. Àlhájà fọwọ́ di ìbàdí mú, ó ń tiro bí ẹni ru odindi odò, a fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín.

Mo bọ́ sí èkejì, ilé etí odò tí odò kún. Mo rò pé eré náà ló ń lọ.

*Àbámọ̀ o, mo jókòó,*
*Odò kún, mo jókòó,*
*Ìkòkò lọ, irú bá a lọ...*

Mo dúró de ègbè. Kò sẹ́ni tó gbè é. Mo tún un lé. Raliat bá dìde.

"Ìyá Kareem, ta ni yóò gbè é? Sífáwù, ẹ̀gbọ́n mi, ló máa ń gbe orin yín. Ẹ̀gbẹ́ iná níbí ló sùn lálẹ́ ọjọ́ tí odò wá. Odò ló bá lọ."

Ọmọ yẹn lóhùn! Bó bá gbe orin, iná á máa jó nídìí ìkòkò. Àlhájà tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó ní, "Mo ń pariwo pé Mashood ò tíì hu eyín. Ẹ̀yìn mi ló wà lálẹ́ ọjọ́ náà, òun ni mo gbé sáré." Ó mí kanlẹ̀. "Òkè ni. Àbámọ̀ tó ní ègbè ni ká yàn."

Wọ́n ní kí àwọn tó gbà nawọ́. Èmi náà nawọ́. Nínú ọkàn mi, mo ń kí ìkòkò mi pé ó dìgbóṣe.

Àmọ́ Oyèrónkẹ́ ò tíì dìde nílẹ̀. "Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀yin ìyá mi. Bí a bá gòkè, ta ni àbámọ̀ rẹ̀ máa dùn jù?"

Gbogbo wọn yí ojú sí orúnkún mi bí ẹni ń wo àlejò.

"N ò sọ nǹkan kan o," mo ní.

"Orúnkún yín ti sọ ọ́," Raliat dáhùn.

"Ṣé orúnkún ẹnì kan la máa fi ra oorun gbogbo wa ni?" Àlhájà ní. "Kò jọ ọ́. Ẹni tó bá ń pọnmi, kó pọn ti Ìyá Kareem mọ́ ọn. Kí wọ́n máa bá wa ṣọ́ iná, kí wọ́n máa lé orin. Orúnkún ló ń dùn wọ́n, kì í ṣe ẹnu!"

Bí a ṣe kọ́ ọ sókè nìyẹn.

Òjò ọdún náà rọ̀, odò ò kún. Ti ọdún kejì rọ̀, odò ò kún. Oyèrónkẹ́ wá kí wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti rí àwọn obìnrin lójú ọ̀nà, korobá lórí, òógùn lójú. Ó wá rọra jókòó tì mí nídìí iná, bí ẹni tó fọ́ àwo.

"Màmá, odò ò mà kún."

"Ṣé ìwọ la ní kó o lọ gbé e kún ni?"

"Ṣé ẹ ò kábàámọ̀?"

"Ojoojúmọ́ ni! Gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀."

Orin ń gun òkè bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àlhájà ló ṣíwájú. Ó sọ korobá kalẹ̀, ó fọwọ́ nu iwájú orí, ó tajú rí ọmọ náà.

"Oyèrónkẹ́! Ìwọ yìí! Ìwọ lo fa gbogbo èyí. Ó yá, bọ́ bàtà ẹ, korobá kan ṣì wà nísàlẹ̀."

Ó bọ́ bàtà, ó ń rẹ́rìn-ín sọ̀kalẹ̀ lọ. Mo koná mọ́ ìdí ìkòkò. Israfil, àbíkẹ́yìn Raliat, ti sùn lọ lórí ẹní, ó la ẹnu sílẹ̀. Mo ń gbe orin wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí n má bàa jí i.