Àwo Kẹrin

Owú ń jẹ Malin. Kì í ṣe owú ọkọ o. Joakim ọkọ rẹ̀, tí ilé iṣẹ́ elépo gbé wá sí Houston, kò rí ti obìnrin kankan rò. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ yóò kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ìtàn páìpù abẹ́ òkun títí oorun yóò fi gbé e lọ. Owú ọmọ ni. Tuva, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọ kan ṣoṣo tí Malin bí, ti rí ìyá mìíràn ní ilé kejì.

Orúkọ ìyá náà ni Rochelle Guillory, obìnrin dúdú, ará Louisiana, tó ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ̀rín rẹ̀ sì ń gba orí ògiri kọjá. Ọmọ rẹ̀, Janae, àti Tuva jọ wà ní kíláàsì kan náà. Èmi Solveig ń gbé ní òdìkejì títì sí wọn. Ará Sweden bíi Malin ni mí, ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ ní Houston débi pé òtútù ilé ń pa mí tí mo bá lọ kí àwọn èèyàn mi. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, Malin ló sọ ọ́ fún mi nídìí kọfí, obìnrin náà ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀rọ̀ mọ́nú.

Kí n má purọ́, ó ní ìdí. Ní Gothenburg, Malin níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó máa ń tọ́jú àwọn tí ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ń dùn, àwọn èèyàn á sì máa kí i lọ́nà. Nígbà tí wọ́n dé ibí, físà tí wọ́n fún un kò gbà á láyè láti ṣiṣẹ́. Joakim ní ọ́fíìsì, Malin ní Tuva. Tuva nìkan ló ń dúró dè láti àárọ̀, yóò ti se ẹja àti pòtétò kalẹ̀ kí ọmọ náà tó dé. Tuva yóò wọlé, yóò wo oúnjẹ náà, yóò ní òun ti yó, Mísì Rochelle se ọbẹ̀ ilá sórí ìrẹsì, edé ńláńlá ló wà nínú rẹ̀.

Ọbẹ̀ ilá yìí ni Malin kórìíra jù láyé. Ó ní ó ń rùn nínú irun ọmọ òun. Èyí tó tún burú ni pé Tuva, tó ń pe ìyá rẹ̀ ní ìwọ bí gbogbo ọmọ Sweden ti ń ṣe, ti kọ́ láti máa dá Rochelle lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Malin bi mí pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò pe òun ní mà rí. Mo ní torí pé kò wù ú rí títí di òní ni.

"Ta ló ní kó máa fún ọmọ mi lóúnjẹ?" ló wí. "Ṣé wọ́n sọ fún un pé mi ò ní ìkòkò ni?"

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Níbi tí wọ́n bí àwa méjèèjì sí, oúnjẹ alẹ́ ọmọ, ti ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ tó bá wá ṣeré nílé ẹni yóò jókòó sínú yàrá títí àwọn onílé yóò fi jẹun tán, nítorí ìyá tiẹ̀ náà ti sè dè é. Ẹni tó bá bọ́ ọ yó ti fi ìkòkò ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ti jókòó rí nínú yàrá ọ̀rẹ́ mi, tí òórùn ẹran díndín ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá mi, tí mò ń ka ìwé aláwòrán kan náà lákàátúnkà. N kò kú. Ṣùgbọ́n mo sọ fún Malin pé ìlú yìí yàtọ̀, kó má dán an wò níbí. Ó ní òun gbọ́. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ti Malin, kò létí pẹ̀lú.

Ohun tó ṣe ni pé ó ní Tuva ò gbọdọ̀ lọ sílé Rochelle mọ́, Janae ni kó máa wá. Ó ní kí wọ́n gbé àwọ̀n ńlá kan wá sẹ́yìnkùlé, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fò sókè fò sílẹ̀ lórí rẹ̀. Janae wá. Àwọn ọmọ méjèèjì fò títí aṣọ wọn fi rin gbingbin, Malin dúró lójú fèrèsé kíṣìnì, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó jàre ẹjọ́ ilẹ̀. Ó se ẹran lílọ̀ ṣíṣù roboto tí Tuva fẹ́ràn, ó bu jáàmù pupa sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé àwo aláwọ̀ búlúù mẹ́ta sórí tábìlì. Mẹ́ta péré ló kó wá láti ilé. Ó ní mẹ́ta náà làwọn.

Nígbà tí Joakim dé, Malin fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún Janae pé kó máa ṣeré nínú yàrá Tuva, pé àwọn fẹ́ jẹun, àwọn ò ní pẹ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni Janae. Ó wò ó díẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó sì lọ. Malin sọ fún mi pé "mà" yẹn dùn mọ́ òun.

Tuva ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó béèrè àwo Janae. Ìyá rẹ̀ ní ìyá Janae ń sè nílé wọn.

"Nílé wọn, àwo mi máa ń wà lórí tábìlì kí n tó dé," ni Tuva wí.

"Ibí kì í ṣe ilé wọn. Jẹun."

Nígbà tí wọ́n jẹun tán tí Tuva sáré lọ sí yàrá, kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Janae ti gba ẹnu ọ̀nà iwájú lọ sílé, ó tiẹ̀ pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́ kó má baà dí wọn lọ́wọ́.

Rochelle kò wá jà. Èmi ló wá bá, níbi tí mo ti ń bomi rin òdòdó mi. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó bi mí pé ṣé torí pé àwọn dúdú ni. Mo ní rárá, mo búra. Mo ní bí ọmọ ọba bá wá ṣeré nílé Malin, inú yàrá yẹn náà ni yóò jókòó sí. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ó gbọ́ mi tán.

"Ṣé òótọ́ lẹ̀ ń sọ, Mísì Solveig? Odindi ìlú?"

"Odindi ìlú."

"Kí ló dé tẹ́ ò kìlọ̀ fún un?"

"Mo kìlọ̀. Owú ò jẹ́ kó gbọ́."

Ó ní owú kẹ̀, owú kí ni, ṣebí oúnjẹ lásán lòun ń bù fún ọmọ. Ó dúró wo ilé Malin fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà wọlé.

Ìyà tó jẹ Malin gan-an, ọwọ́ Tuva ló ti wá. Láti ọjọ́ yẹn, bí oúnjẹ alẹ́ bá délẹ̀, ọmọ náà á lọ jókòó sínú yàrá rẹ̀, á pa ilẹ̀kùn dé. Ó ní ibi tí ọ̀rẹ́ òun jókòó sí lòun náà máa jókòó sí. Malin bẹ̀ ẹ́, ó pariwo mọ́ ọn, ó se ẹran roboto títí ó fi sú Joakim. Tábìlì tó tìtorí ẹ̀ jà, òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù nídìí ẹ̀, ọkọ sì ń sọ̀rọ̀ páìpù.

Nígbà tó di ọjọ́ kan, Tuva ti ilé ìwé dé, kò yà sílé; ilé Rochelle ló gbà lọ tààrà. Malin ti yan búrẹ́dì aládùn lọ́jọ́ náà. Ó kó o sínú ọpọ́n, ó gbé e dání, ó lọ mú ọmọ rẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń sọdá koríko, ó gbá ọpọ́n náà mọ́ àyà bí ẹni tó ń lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ orogún.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sídìí oúnjẹ ni. Rochelle ní kó wọlé wá jẹun. Ẹ wá wo ẹ̀dá: Malin ní rárá, ẹ ṣé, òun á dúró ní pálọ̀ títí wọn yóò fi jẹun tán. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn; ẹni tí wọn ò bá ti pè tẹ́lẹ̀ kì í bá onílé jẹun. Rochelle wò ó, ó ní kó ṣe bó ṣe fẹ́, ó sì padà sídìí tábìlì.

Malin jókòó. Ó gbọ́ àdúrà, ó gbọ́ ìró ṣíbí. Ọbẹ̀ ilá ń ta sánsán wọ pálọ̀, òun náà ò sì tíì jẹun láti àárọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹ̀rín Tuva, irú ẹ̀rín tí kò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Gothenburg. Ó ní owú tó jẹ òun níbẹ̀ ju gbogbo ti àtẹ̀yìnwá lọ, pé òun ì bá dìde lọ fa ọmọ òun lọ́wọ́ jáde, ṣùgbọ́n omi ti kún òun lójú, òun ò fẹ́ kí wọ́n rí i.

Ẹnì kan rọra wọlé. Janae ni. Kò gbé àwo dání. Ó jókòó ti Malin lórí àga, ó kó ọwọ́ lé itan.

"Mo wá bá yín jókòó ni," ló wí. "Ó máa ń pẹ́ téèyàn bá dá nìkan wà níbẹ̀."

Rochelle pè láti ìdí tábìlì pé oúnjẹ Janae ń tutù.

"Màmá Tuva náà ò tíì jẹun, mà," lọmọ náà dáhùn, kò sì dìde.

Nígbà náà ni Malin dìde. Ó di ọwọ́ Janae mú, àwọn méjèèjì jọ wọ kíṣìnì. Yàtọ̀ sí ti Janae, àwo kan wà lórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sídìí rẹ̀, ìrẹsì ti wà nínú rẹ̀. Kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tuva. Ẹ̀gbẹ́ Rochelle ló wà. Ibẹ̀ náà ni Malin jókòó sí, ó sì jẹun. Tuva wò ó títí, ó sì ti omi sún mọ́ ọn nígbà tí ata mú un lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá mu kọfí lọ́dọ̀ mi. Ó ní ata pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ náà, ó ní ilá náà ń yọ̀, òun ò mọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n sọ fún òun bí wọ́n ṣe ń sè é, torí òun máa sè é títí Tuva á fi gbàgbé ti Rochelle. Mo fi rẹ́rìn-ín. Èmi ò retí pé kí owú tán lọ́jọ́ kan.

Ó gbé ife sílẹ̀, ó ní Janae ń bọ̀ lọ́la, ṣé mo ní àwo aláwọ̀ búlúù kan tí òun lè yá. Mo ní èyí tí mo ní, funfun ni, etí rẹ̀ tiẹ̀ ti sán. Ó ní kò burú, òun fúnra òun ni yóò fi jẹun.