Mẹ́jọ Ni Serifat Kà

14.

…ló bá gbé bírò náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó fi ìka kan tì í padà síwájú Ẹ̀gbọ́n Ọládipọ̀. Kò pariwo. Kò sunkún. Ó kàn tì í padà bí ẹni tí wọ́n bu oúnjẹ fún tó ti yó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mi ò lè buwọ́ lù ú."

Ẹni tó ń to ìwé yìí jọ ti ṣi nọ́ńbà mú. Ìkẹrìnlá kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní.


1.

WHATSAPP. Orúkọ group: GỌ́Ọ̀FÙ CALGARY. Èèyàn mẹ́rin.

Ẹ̀GBỌ́N ỌLÁDIPỌ̀: Ẹ̀yin èèyàn mi, Scotland is confirmed!! June, ọjọ́ méje gbáko. Mo ti book ilé, mo ti book mọ́tò. Ẹ mú raincoat dání. Ẹ má mú ẹnu nìkan wá o

ÌBÍLỌLÁ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an sà 🙏🏾

GBÓYÈGA: Ẹ̀gbọ́n too much!

SERIFAT: Ẹ ṣeun sà. Mo ti gba leave ní hospital. Láti Christmas ni mo ti ń tọrọ ẹ̀

Ẹ̀GBỌ́N ỌLÁDIPỌ̀: Serifat, o máa rí golf gidi. Kì í ṣe irú èyí tí bàbá ẹ ti ń ru àpò o 😂

SERIFAT: 😊


2.

ÀWỌN TÓ Ń LỌ

Ọládipọ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ẹnjiníà ni, downtown ló ti ń ṣiṣẹ́, Chestermere ló kọ́lé sí, létí lake. Ó ti lo ọdún mẹ́tàlélógún ní Calgary, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Ìbílọlá. Iléeṣẹ́ epo. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń lọ tààrà, ṣùgbọ́n kì í jìnnà.

Gbóyèga. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Onílàjà ẹgbẹ́. Kò sí ìjà tí kò lè bá wọn parí, torí pé ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ló máa ń wà.

Serifat. Nọ́ọ̀sì. Whitehorn ni òun, Abdulwasiu ọkọ rẹ̀ àti Mọ́láyọ̀ ọmọ wọn ń gbé. Òun ló kéré jù láàárín wọn, òun ló sì mọ gọ́ọ̀fù gbá jù. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ò lè jọ wọ mọ́tò kan fún ọjọ́ méje kí wàhálà má ṣẹlẹ̀.

(Nínú ìwé yìí, "ó" la ó máa pe Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe "wọ́n". Lórí ìwé nìkan ni ojú ẹni tó ń kọ ọ́ ti lè le tó bẹ́ẹ̀.)


3.

OHUN TÍ Ẹ̀GBỌ́N ỌLÁDIPỌ̀ TI ṢE FÚN SERIFAT
(Serifat fúnra rẹ̀ ló ka gbogbo rẹ̀ lórí ìka, nínú train)

— ó wá gbé wọn ní airport, nínú òtútù minus thirty

— basement rẹ̀, oṣù mọ́kànlá

— nígbà tí wọ́n bí Mọ́láyọ̀, Anti Títílọpẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló wẹ ọmọ, òun ló fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ láràárọ̀, tí snow sì dí ẹnu ọ̀nà

— lẹ́tà tí Serifat fi wọ iṣẹ́ àkọ́kọ́

— ọ̀pá gọ́ọ̀fù àkọ́kọ́ tó ní

— orúkọ tó wà nínú fọ́ọ̀mù daycare, níbi tí wọ́n ti bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀: Anti Títílọpẹ́


4.

ÒFIN TÍ ẸNÌKAN Ò KỌ SÍLẸ̀

Iye ìgbà tí o bá gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọ ihò ni wọ́n ń kọ sínú káàdì. Ihò méjìdínlógún. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló borí. Ẹlòmíì ló ń ka tìrẹ, ìwọ náà ń ka ti ẹlòmíì, torí ọmọ èèyàn lọmọ èèyàn ń jẹ́.

Àmọ́ ní Calgary, Ẹ̀gbọ́n ló máa ń ka tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ta ni yóò wo ojú rẹ̀ kó ní méje ni, kì í ṣe márùn-ún? Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, mélòó?" Á ní márùn-ún. Wọ́n á kọ márùn-ún. Wọ́n á wọ mọ́tò lọ jẹ shawarma. Ọdún mẹ́rin nìyẹn, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.


5.

Èyí ni Serifat sọ fún Gbóyèga nínú train, láàárín Whitehorn àti downtown.

Agbápò ni bàbá rẹ̀ ní pápá gọ́ọ̀fù kan n'Íbàdàn. Ọdún méjìlélógún ló fi ru àpò ọ̀pá kiri lẹ́yìn àwọn ọ̀gá. Ọ̀gá á gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀meje, á yíjú sẹ́yìn: "Lamidi, how many?" Bàbá á ní: "Four, sir." Serifat á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bọ́ọ̀lù tó ṣà kún inú síkẹ́ẹ̀tì. Òun náà ti kà á. Méje ni.

Nílé, bàbá kan náà kì í gba irọ́ lẹ́nu ọmọ.

Gbóyèga rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọ. Ó rò pé ìtàn apanilẹ́rìn-ín ni.


6.

Snow bọ́ ní Calgary lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún. Serifat gbá gọ́ọ̀fù nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.


7.

SCOTLAND

Àìkú: A gúnlẹ̀. Àpò ọ̀pá Ìbílọlá gúnlẹ̀ síbòmíì.

Ajé: Atẹ́gùn. Serifat 81. Ẹ̀gbọ́n 84 (ó ní).

Ìṣẹ́gun: Òjò. Serifat 79. Ẹ̀gbọ́n 80 (ó ní).

Ọjọ́rú: Òjò àti atẹ́gùn. Serifat 85. Ẹ̀gbọ́n 78 (ó ní). Gbóyèga 104. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Ọjọ́bọ̀: Ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n se ìrẹsì fún gbogbo èèyàn, ó sì dùn. Ó yẹ kí ìyẹn náà wọ àkọsílẹ̀.


8.

ÌKÉDE, lára ògiri ilé ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ìlú kékeré kan tó jìnnà sí ilé tí wọ́n háyà, létí òkun:

ÌDÍJE ÀWỌN ÀLEJÒ. ỌJỌ́ ẸTÌ.
Káàdì tí kò bá ní ìbuwọ́lù ẹni tó gbá a ÀTI ti ẹni tó kà á, A Ò NÍ GBÀ Á.
A ó kọ orúkọ ẹni tó bá borí sára ògiri.

Ẹ̀gbọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Sára ògiri," ló wí.


9.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, bàbá òyìnbó kan tó wọ súwẹ́tà, ló yan ẹni tó máa ka ti ẹnìkejì. Ìbílọlá àti Gbóyèga, kí wọ́n ka tara wọn. Ẹ̀gbọ́n, kó ka ti Serifat.

Serifat, kó ka ti Ẹ̀gbọ́n.


10.

IHÒ KẸRÌNLÁ

Ẹ̀ẹ̀kan: bọ́ọ̀lù Ẹ̀gbọ́n wọ igbó ẹlẹ́gùn-ún.

Ẹ̀ẹ̀mejì: ó ṣì wà nínú igbó.

Ẹ̀ẹ̀mẹta: ó jáde, ó bọ́ sínú kòtò yanrìn.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin: yanrìn fò. Bọ́ọ̀lù ò fò.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún: yanrìn.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà: ó gun orí koríko.

Ẹ̀ẹ̀meje: ó gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá.

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ: ó wọlé.

"Mélòó, Ẹ̀gbọ́n?" Ìbílọlá ló bèèrè. Ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ọn lára ni.

"Márùn-ún."

Serifat kọ 8.


11.

Ẹ̀gbọ́n ò wo ohun tó kọ. Ọdún mẹ́rin ni kò ti wò ó.


12.

Nígbà tí wọ́n wọlé, tí aṣọ gbogbo wọn ń kán omi, Ẹ̀gbọ́n gba káàdì, ó ṣírò ó. Pẹ̀lú márùn-ún, orúkọ rẹ̀ á lọ sára ògiri. Pẹ̀lú mẹ́jọ, ipò kẹta ni. Ó fa ìlà lé 8 lórí, ó kọ 5 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó buwọ́ lù ú. Ó tì í síwájú Serifat.


13.

Yorùbá ni wọ́n sọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí akọ̀wé má baà gbọ́ ọ. Àwọn méjì tó kù gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Serifat. Buwọ́ lù ú.

SERIFAT: Mẹ́jọ ni sà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló wá gbé ẹ ní airport?

SERIFAT: Ẹ̀yin ni sà.

Ẹ̀GBỌ́N: Inú basement ta lo ti tọ́mọ?

SERIFAT: Tiyín ni sà.

Ẹ̀GBỌ́N: Òyìnbó ń wò wá. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mélòó ni?

SERIFAT: Mẹ́jọ ni sà.


14.

(Ẹ ti rí èyí. Bírò. Ìka kan. Akọ̀wé bèèrè bóyá wàhálà wà. Ìbílọlá ní kò sí. Gbóyèga ń tú okùn bàtà rẹ̀, ó tún ń so ó. Wọn ò gba káàdì náà.

Wákàtí méjì ni wọ́n fi wa mọ́tò padà sílé tí wọ́n háyà.)


15.

Ẹ̀gbọ́n Ọládipọ̀ removed Serifat


16.

ÌPÀDÉ. Chestermere, pálọ̀ Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ Àìkú kan nínú July, lẹ́yìn church. Gbóyèga ló fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má baà sẹ́ ohun tó sọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò bínú. Ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò bínú.

ÌBÍLỌLÁ: Serifat, just say sorry, jàre. Kí ló le níbẹ̀?

SERIFAT: Sorry fún kí ni, Anti Ìbílọlá?

ÌBÍLỌLÁ: Fún ìtìjú yẹn. Lójú òyìnbó!

SERIFAT: Èmi kọ́ ni mo gbá mẹ́jọ.

(Ẹnìkan wúkọ́.)

ABDULWASIU: Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ sà. Ẹ fojú ọmọ wò ó. It won't happen again.

SERIFAT: Daddy Mọ́láyọ̀, ẹ dìde. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Kó kúnlẹ̀, kó bẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ parí.

(Ìró orúnkún lórí pákó.)

SERIFAT: Mo kúnlẹ̀ fún airport. Mo kúnlẹ̀ fún basement, oṣù mọ́kànlá. Mo kúnlẹ̀ fún lẹ́tà. Anti Títí, mo kúnlẹ̀ fún omi gbígbóná, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mi ò kúnlẹ̀ fún márùn-ún.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ agbápò?

SERIFAT: Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ọmọ agbápò ni mí. Bàbá mi ti bá gbogbo ìdílé wa sọ "four, sir" tán. Kò ku ẹyọ kan fún èmi.



Ẹ̀GBỌ́N: Gbóyèga. Ìwọ náà wà níbẹ̀. Mélòó ni?

GBÓYÈGA: Ẹ̀gbọ́n… atẹ́gùn pọ̀ lọ́jọ́ yẹn sà. Mi ò wò ó dáadáa.


17.

Ó wò ó dáadáa.

Mo wò ó dáadáa. Èmi ni Gbóyèga. Mẹ́jọ ni.

Mo ń wá ẹsẹ̀ bàtà mi kejì ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí gbogbo wa bọ́ bàtà sí, nígbà tí Anti Títílọpẹ́ gbé kúlà mọ́ínmọ́ín lé Serifat lọ́wọ́, bó ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá ń lọ. Ọwọ́ Anti ò kúrò lára kúlà náà.

"Mẹ́jọ?"

"Mẹ́jọ ni mà."

Anti rọra mi orí.

"Ọgbọ̀n ọdún ni èmi ti ń sọ pé márùn-ún."

Ó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹ̀fọn lake wọlé, a ò lé e. Ojú ń tì mí débi pé bàtà tí kì í ṣe tèmi ni mo wọ̀ délé.


18.

Serifat ń gbá gọ́ọ̀fù ní pápá ìjọba lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú àwọn tí kò mọ̀ rí. Wọ́n ní ó máa ń ka tirẹ̀ sókè kí ẹnikẹ́ni tó bi í, ní Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí ó bá ṣe pọ̀ tó.

Orúkọ Anti Títílọpẹ́ ṣì wà nínú fọ́ọ̀mù daycare. Serifat ò pa á rẹ́.

WHATSAPP. GỌ́Ọ̀FÙ CALGARY. Èèyàn mẹ́ta.

Ẹ̀GBỌ́N ỌLÁDIPỌ̀: Scotland, next June. Ibì kan náà. Ìdíje kan náà. Gbóyèga, ìwọ lo máa ka tèmi

ÌBÍLỌLÁ: 🙏🏾

Ọjọ́ mẹ́rin rèé. Mo kọ "Okay sà", mo pa á rẹ́. Mo kọ "Mẹ́jọ ni", mo pa ìyẹn náà rẹ́. Èmi ni mo mú káàdì ọjọ́ Ẹtì kúrò lórí tábìlì lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó wà níwájú mi báyìí. Òjò ti jẹ ẹ́ létí, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Bírò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.


IHÒ 14:   8̶   5

ẸNI TÓ GBÁ A:   Ọládipọ̀

ẸNI TÓ KÀ Á:   ____________