Ìborùn Pak Ngatono

4

…wá di eérú. Kùrukùru tó funfun ju ẹ̀gbọ̀n òwú lọ! Igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rì sínú àwòrán tí mo yà bí èèrà sínú èédú.

5

ÌKÉDE (lára ògiri ilé ìpàdé abúlé)

LỌ́JỌ́ AJÉ, A Ó GÉ IGI CEMARA MẸ́TA Ẹ̀BÁ Ọ̀NÀ. Ọ̀NÀ Ń FẸ̀ SÍ I. Ẹ TÚ ẸṢIN YÍN KÚRÒ LÁRA WỌN.

6

Pak Ngatono, bàbá ìyàwó mi, ló gbìn wọ́n pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra. Ìyàwó ti kú. Bàbá ò ní àwòrán rẹ̀ kankan.

Igi yẹn ni àwòrán rẹ̀.

Èmi Tarjo ni mo la ẹnu ńlá pé màá yà á.

7

Ọjọ́ kejì, mo fi kámẹ́rà wọn ìmọ́lẹ̀ lára ẹṣin dúdú. Àwòrán funfun débi pé àkùkọ rí i, ó kọ.

8

*Òkè, òwúrọ̀ Àìkú. Òtútù mú débi pé òjìji mi kọ̀, kò bá mi jáde.*

LASTRI, ÌYÀWÓ MI: Mas, ọkọ mi, o tún na kámẹ́rà sí kùrukùru!

ÈMI: Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ló ń wọn ìmọ́lẹ̀, èmi kọ́.

LASTRI: Ẹ̀rọ yẹn rò pé gbogbo ayé ló rí bí eérú. Tó bá rí funfun, á dín ìmọ́lẹ̀ kù. Tó bá rí dúdú, á ṣílẹ̀kùn gbayawu fún ìmọ́lẹ̀.

ÈMI: Ta ló kọ́ ẹ?

LASTRI: Ìwọ náà ni, lánàá, níbi tí o ti ń sunkún.

ÈMI: Òógùn ni!

LASTRI: Nínú òtútù yìí?

PAK NGATONO: Tarjo, kí lo ń nà sí mi lọ́rùn?

ÈMI: Pak, ìborùn yín. Ṣebí dúdú ni tẹ́lẹ̀?

PAK NGATONO: Màmá Lastri ló fọ̀ ọ́ di eérú. Mi ò tíì jẹ́ kí ẹlòmíì fọ̀ ọ́.

ÈMI: Abájọ tó fi ń rùn.

PAK NGATONO: Ọmọ burúkú!

ÈMI: Ẹ má mira, Pak. Eérú ni mò ń wá.

9

Kámẹ́rà dún: ka.

10

*Fóònù, òwúrọ̀ Ajé. Mo wà nínú balùwẹ̀, mò ń fọ fíìmù.*

LASTRI: Ayùn ti dé o. Àwòrán jáde?

ÈMI: Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Èèpo igi hàn. Kùrukùru dúró bí kùrukùru.

LASTRI: Mo ti sọ fún Pak. Ó mí kanlẹ̀, fìlà agégi fò lọ.

11

Mo sáré dé ẹ̀bá ọ̀nà, fíìmù ń ro tótó lọ́wọ́ mi. Ọrùn Pak ṣófo. Ó ti so ìborùn mọ́ igi àárín.

AGÉGI: Pak, ta ló máa tú u?

PAK NGATONO: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó ná.

Mo gbé fíìmù sókè sí ojú ọ̀run fún un.