Ibi Tí Ejò Ń Wò

Kí ẹ tó bi mí: ejò kọ́ ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló kọ́kọ́ yẹ abẹ́ àga wò kó tó jókòó, wọ́n á wá rọra béèrè èwo nínú wọn ló bù ú ṣán. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Obìnrin tó ń gbé paramọ́lẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ibi tó ti lọ ra búrẹ́dì ló ṣubú sí, kò sì dìde mọ́.

Òun àti ọkọ rẹ̀ ló jọ ń ya àwòrán ejò fún àwọn tó ń ṣe ìwé ẹranko. Olójú-Kan là ń pe ọkọ náà. Ojú rẹ̀ ò fọ́ o. Ọ̀kan máa ń wà lẹ́yìn kámẹ́rà ni, èkejì a sì wà ní dídì. Èmi àna rẹ̀, ọjọ́ tí mo bá rí méjèèjì pa pọ̀, mo máa ń rò pé àlejò ló dé.

Nígbà tí ìsìnkú ku ọ̀la, ẹni tó ń tẹ àwòrán ránṣẹ́ pé ká fún òun ní fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi, kí òun tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, ká lè gbé e ti pósí. Nǹkan kékeré. A wọ yàrá iṣẹ́ wọn lọ́sàn-án, yàrá tó ní tábìlì tí aṣọ dúdú bò, àti fèrèsé tí wọ́n ta aṣọ funfun sí kí oòrùn má baà le lára ejò jù. Olójú-Kan ṣí kọ̀ǹpútà. Òjòlá. Sèbé. Paramọ́lẹ̀. Òjòlá tó ń yán. Ó ń ṣí i lọ títí a fi dé ìsàlẹ̀. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀.

Mo bi í léèrè fọ́tò ìgbéyàwó. Òun fúnra rẹ̀ ló ya ìyẹn, torí kò gbà kí ayàwòrán mìíràn dé ìgbéyàwó òun. Ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó sáré wá dúró. Orí tirẹ̀ hàn dáadáa. Èjìká ẹ̀gbọ́n mi náà hàn. Ti káàdì ìdánimọ̀ ńkọ́? Ojú dídì, ẹnu yíya, bí ẹni tí sísín ń bọ̀ wá bá. Ti fóònù? Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fóònù sókè, ẹ̀gbọ́n mi ti wà lẹ́yìn onífóònù.

Ká má parọ́, ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọkọ rẹ̀ níṣẹ́ yìí. Tẹ́lẹ̀, orí ìdúró ni Olójú-Kan ti ń ya ejò, ejò a wá dà bí okùn tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀. Ìyàwó ní kó dọ̀bálẹ̀, pé ẹni tí kò bá tíì dọ̀bálẹ̀ fún ejò kò tíì rí ojú rẹ̀. Ó ní kó máa fi àyè sílẹ̀ níwájú ibi tí ejò bá kọjú sí, kí ejò má dà bí ẹni tó forí gbá ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi a fi abọ́ bo ejò mọ́lẹ̀ lórí tábìlì títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀, tí á ká jọ, á wá ṣí abọ́ náà wẹ́rẹ́. Nígbà mìíràn ìka rẹ̀ a wọnú àwòrán, tàbí etí aṣọ rẹ̀, tàbí òjìji rẹ̀. Òun náà ló sì máa ń sọ pé, “Gé mi kúrò níbẹ̀, mò ń ba ejò jẹ́.”

Ọkọ rere ni Olójú-Kan. Ó gé e. Ó tún pa àwọn tí kò tíì gé rẹ́, kí àyè lè gba ejò mìíràn.

Ní báyìí ó ń nawọ́ kọjá etí kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka kan ògiri. “Ọwọ́ rẹ̀ wà níbí,” ó ní. “Ìgbúnwọ́ rẹ̀ nìyí.” Ògiri lásán ni.

Ara mi kì í gba kí ilé dákẹ́, mo bá wá ẹ̀fẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn ejò yín yìí láfojúdi o. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, kò sí ọ̀kan tó dá yín lóhùn. Ọ̀tún ni gbogbo wọn ń wò. Kí ló wà níbẹ̀, eku?”

Mo retí ẹ̀rín. Ó yí àwọn àwòrán náà padà sókè, ó tún wo òjòlá, ó wo sèbé, ó wo paramọ́lẹ̀. Ọ̀tún. Ọ̀tún. Ọ̀tún. Nígbà tó yíjú sí mi, ojú méjèèjì ló là.

“Ẹ̀gbọ́n ẹ ló wà níbẹ̀,” ó ní. “Tó bá ti ṣí abọ́ tán, ibẹ̀ ló ń dúró sí, á máa mi ìka kí wọ́n lè gbójú sókè. Gbogbo wọn ló ń wò ó. Èmi tí mo fẹ́ ẹ, ejò ni mò ń wò.”

Mo fa àga mọ́ ọn, èmi náà wo ọ̀tún.

Òjòlá ló fi ránṣẹ́. Atẹ̀wé pè wá léraléra bóyá a ṣì í fi ránṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó gbé pósí gbé àwòrán náà tì í, wọ́n kọ ojú ejò sí àwọn èrò. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí, tí wọ́n ti ń dì mú láti àárọ̀, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá dé ẹnu ọ̀nà.

Olójú-Kan wá, ó gbé àwòrán náà lọ sí òdìkejì. Ó fà sẹ́yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú aṣọ funfun rẹ̀, àwọn ènìyàn sáré bọ̀, wọ́n rò pé ó dákú. Ó dìde, ó sún un díẹ̀, ó tún dọ̀bálẹ̀, kò di ojú kankan, títí ìwò ejò náà fi gba orí àyè dúdú tó fi sílẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú àwòrán kọjá, tó bọ́ sára pósí.

Ó wá rọra dìde, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí òjìji òun má baà wà láàárín wọn.